Alágàdágodo Tó Mọ Ògiri Dí Ẹnu Ọ̀nà Ara Rẹ̀

Mo fi irùngbọ̀n mi búra, mi ò sì ní òmíràn, pé òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi nílé. Màá fún un ní àga, màá sì tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá á tún gùn ju báyìí lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún àgádágodo ṣe, tó sì ń gé kọ́kọ́rọ́. Ta-ló-mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí o bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá, ojú ọjọ́ mà dára o," á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ọ̀run bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ayédèrú ọjà fún, á wá ní, "Ta ló mọ̀?" Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn onílé ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn fúnra wọn ò rí ṣí, ó sì ti gbà pé kò sí ohun tó tì pa pátápátá láyé yìí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá iwájú ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Obìnrin náà ti ṣubú sínú ihò kan láàárín títì, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, àga onítáyà ló sì fi ń rìn látìgbà náà. Nínú ilé, a máa sáré bí ẹni tó fẹ́ gba ife ẹ̀yẹ. Níta, àwọn ihò yẹn kì í jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní ìparí títì kan náà, àìsàn ti dá òun náà dùbúlẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá ń kí ara wọn lórí fóònù bí ẹni tí òkun wà láàárín wọn.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ìlú ní àwọn fẹ́ tún àwọn títì àdúgbò ṣe. Oníbúrẹ́dì, tó jẹ́ alága àwọn onílé, pe ìpàdé sí ìsọ̀ rẹ̀.

"Ìjọba á san ìdajì," ó ní. "Àwa onílé la ó dá ìdajì tó kù. Bí ilẹ̀ kálukú bá ṣe gùn tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ á ṣe pọ̀ tó, a ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí àwọn onílé tó fọwọ́ sí i kò bá ju ìdajì lọ títí ọjọ́ Ẹtì, títì míì ni wọ́n máa ṣe."

"Ta ló mọ̀ bóyá ìdajì ìjọba yẹn wà níbì kan?" Ta-ló-mọ̀ béèrè.

"Bàbá, ó wà ní báńkì."

"Ṣé ẹ ti lọ wò ó?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi òun nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ń ti kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ní ọ̀pá gígùn, èyí tó ń wọn ilẹ̀ bó ṣe ń yí. Kẹ̀kẹ́ náà ń dún kín-ín, kín-ín, kín-ín. Ta-ló-mọ̀ tẹ̀ lé e bí òjìji.

"Ọmọ mi, tún tèmi wọ̀n."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

"Bóyá ẹ̀ẹ̀kẹrin ló máa sọ òótọ́."

Níbi tó ti ń tẹ̀ lé e ló ti rí nǹkan. Ọmọbìnrin náà dé ibi ògiri gígùn kan tí kò ní ilẹ̀kùn, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, ó kọjá láì wọ̀n ọ́n. Ó dé ilé búrẹ́dì tó tóbi ju gbogbo ilé títì náà lọ, ẹ̀gbẹ́ tó kúrú nìkan ló wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ìsọ̀, ó sì jáde tòun ti ẹrù kan tí wọ́n fi bébà wé lábẹ́ apá rẹ̀. Inú Ta-ló-mọ̀ dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti sọnù. Ó ti mọ̀ ọ́n: rìbá ni!

Ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn yẹn ló gbé sọ́kàn délé. Lójú ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ jẹun, ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá ń gbà wọlé nìkan ni ilé kọjú sí. Ilé tí kò bá ṣí sí títì, kí ló kàn án nínú owó títì? Ní Ọjọ́bọ̀, ó ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹnu ọ̀nà iwájú pa.

Ìyàwó rẹ̀ yí àga rẹ̀ wá síbẹ̀. "Bàbá wa, ṣé ibojì mi lẹ̀ ń mọ ni?"

"Dákẹ́. Mo ti rí ìdí àwọn olè wọ̀nyí. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná la ó máa gbà."

"Ilẹ̀kùn tó ní àtẹ̀gùn? Ṣé èmi àti àga yìí á máa fò ni?"

"Ta ló..."

"Ẹ má parí ẹ̀ o!"

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní ìdajì. Oníbúrẹ́dì àti ọmọbìnrin náà wá sílé Ta-ló-mọ̀, ògiri ni wọ́n bá. Wọ́n lọ kan fèrèsé.

"Bàbá, ilẹ̀kùn yín dà?"

"Mi ò ní ilẹ̀kùn sí títì yìí mọ́. Ẹ lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ní."

"A kì í wọn ilẹ̀kùn, bàbá," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ilẹ̀ tó fara kan títì la ń wọ̀n."

"Irọ́! Ògiri tí o kọjá lára rẹ̀ ńkọ́?"

"Ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni. Ìjọba ló ń san tiẹ̀, a ti ní ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ilé búrẹ́dì ńkọ́?"

Oníbúrẹ́dì mí kanlẹ̀. "Ìkòríta nilé mi wà. Títì kejì ni ẹ̀gbẹ́ tó gùn yẹn kọjú sí, ọdún tí wọ́n bá ṣe ìyẹn ni màá tún san tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi, bàbá. Àbí ẹ fẹ́ bá mi san ọ̀kan?"

"Ẹrù abẹ́ apá ńkọ́?"

"Búrẹ́dì ni. Mo sanwó ẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ó tiẹ̀ ti le."

"Búrẹ́dì tèmi? Kò le o!"

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń jà sí búrẹ́dì, Ta-ló-mọ̀ ń wò wọ́n, ó ń wá ibi tí irọ́ wà. Kò rí i, ìyẹn gan-an ló sì wá bà á lẹ́rù. "Síbẹ̀, mi ò ní í fọwọ́ sí i."

Ni àga onítáyà bá yí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ọmọ mi, ṣé ẹni tó nilé ló ń fọwọ́ sí i, àbí ọkọ ẹni tó nilé?"

"Ẹni tó nilé ni, màmá."

"Bàbá mi ló fi ilé yìí sílẹ̀ fún mi, kí ẹni yìí tó wá kó àgádágodo wọ ibẹ̀. Fún mi ní bírò."

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ariwo ọkọ rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀!" Ta-ló-mọ̀ pariwo.

"A ò sọ nǹkan kan," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ lọ wá òòlù, kẹ́ ẹ wó ògiri yín."

Nígbà tí títì parí, Ta-ló-mọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti àga náà jáde lẹ́nu ọ̀nà tó ti wó ògiri rẹ̀. Ó ń dúró lọ́nà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ gún ọ̀dà wò bóyá ó nípọn.

"Bàbá wa, bẹ́ ẹ bá dá ihò síbẹ̀, ẹ̀yin ni màá tì sínú ẹ̀."

Wọ́n dé ilé ẹ̀gbọ́n. Àwọn obìnrin méjèèjì di ara wọn mú. Ta-ló-mọ̀ kò wọlé. Ó dúró síta, ó ń ṣọ́ títì, bóyá àwọn òṣìṣẹ́ á padà wá kó o lọ.

Ohun kan péré ni mo fi kún un. Kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n yẹn kò dún kín-ín kín-ín. Kẹ́kẹ́ ló pa mọ́ra, èmi ni mo fi ohùn sí i lẹ́nu.