Oríkì Òbúkọ fún Aládùúgbò Wa

Dòdò ni ìyàwó mi ń dín ní àárọ̀ ọjọ́ tí a wà pọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń fi fọ́ọ̀kì yí i padà, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òbúkọ ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ọmọ ilẹ̀ Lituéníà ni aládùúgbò wa ní Cypress, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tó máa ń bá wa gé koríko iwájú ilé láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ó máa pé ọgọ́rin ọdún láìpẹ́. Ìyàwó mi, tó máa ń ki àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì iléèwé, ní èèyàn ò lè pé ọgọ́rin kí a má kì í. Ló bá lọ béèrè ìtumọ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀.

Bàbá ní láyé àtijọ́, orúkọ ara ẹni àti ti bàbá ẹni nìkan ni àwọn ará abúlé wọn ń jẹ́. Nígbà tí àwọn àlùfáà àti akọ̀wé wá ń kọ èèyàn sínú ìwé, alágbẹ̀dẹ gba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, amọ̀kòkò gba tirẹ̀. Ẹlòmíràn di ìkookò, ẹlòmíràn di ológoṣẹ́. Obìnrin tó bá sì wọlé ọkọ, wọ́n á fi ìrù sí orúkọ náà kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé aya ni. Orúkọ tirẹ̀, ara òbúkọ ló ti wá.

“Má lọ pe àgbàlagbà ní òbúkọ níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ o!” mo ní.

“Dádì, ẹ fi mí sílẹ̀,” ìyàwó mi ní. “ Ṣé ìkookò ló sàn jù? Ìkookò ò nírùngbọ̀n.”

“Òórùn rẹ̀ ńkọ́?”

“Mi ò ní kì í débẹ̀.”

Ó kọ ìlà méjì sẹ́yìn àpòòwé kan. Ó ní ìlà kẹta á jáde tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá sún ọjọ́ ìbí rẹ̀ síwájú. Nígbà tí a sìnkú tán, ó wá kanlẹ̀kùn. “Ìyàwó rẹ ṣèlérí nǹkan kan fún mi,” ó ní. “Mo ṣì ń retí rẹ̀.”

N kò ki ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Bí ìyàwó mi bá ń kini, èmi ni mo máa ń bá a di báàgì mú. Ṣùgbọ́n bí n kò bá lọ, ìlérí rẹ̀ á di irọ́.

Nínú gáréèjì bàbá, láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, mo yọ àpòòwé náà. Mo kà á sókè.

“Òbúkọ gorí àpáta, kò ní kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú!
Onírùngbọ̀n tí ń jẹ́ bàbá láti kékeré!”

Ìwé tán. Mo wo koríko ilé mi lódìkejì títì, ó gún régé. Bàbá ti tún un gé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ó jẹ koríko ilé rẹ̀ tán, ó jẹ tiwa, a ò lé e!”

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá gbé irùngbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ní, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!”

Àwọn ọmọ-ọmọ gbè é, àwọn ìyá wọn gbè é. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń ké bí ewúrẹ́, pẹ̀lú tíè lọ́rùn mi. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo yá bírò lọ́wọ́ bàbá, mo sì kọ ìlà kẹta sábẹ́ méjì tí ìyàwó mi kọ.