Òòyà Tó Wà Nídìí Igi

Ọ̀gá mi àtijọ́, olórí ẹ̀ka jọ́gíráfì níbi tí mo ti kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Okokomaiko, ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ọkọ mi wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Kò gba owó mi, kò gba ipò mi. Àwòrán igi kan ló gbà.

Ilé ẹ̀kọ́ wa rán àwa méjèèjì lọ sí òkè Ọya, ní bèbè aṣálẹ̀, pé kí a lọ fi kámẹ́rà ya àwòrán ilẹ̀ tí iyanrìn ń gbé mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò. Kùtùkùtù nìkan ni ẹni tó mọṣẹ́ ń ya aṣálẹ̀. Bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo ìlà tí atẹ́gùn fà sórí iyanrìn á ní òjìji tirẹ̀, èèpo igi á sì hàn fínnífínní. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ á ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Nítorí náà, èmi àti awakọ̀ a máa jáde nínú ọyẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá mi ní ọyẹ́ ń dí òun nímú, ó sì ń dúró sí ilé àlejò. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun bí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kò sí ilé tàbí ènìyàn nínú aṣálẹ̀ tí ojú lè fi wọn nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àwa tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà fi ń gbé ohun tí gbogbo ayé mọ bó ṣe tóbi tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a bá ń yà. Àwọn kan ń lo bírò, àwọn kan ń lo òòlù. Òòyà onígi mi, tí eyín kan ti kán lára rẹ̀, ni èmi ń lò.

Igi kan wà níbẹ̀ tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Awakọ̀, tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, sọ pé igi yẹn ti wà kí wọ́n tó bí bàbá òun, pé ìyà ni kò jẹ́ kó ga. Mo gbé òòyà sídìí rẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀ lórí iyanrìn tútù, mo sì yà á.

Lọ́dún kejì, ìwé tí wọ́n fi àwọn àwòrán wa ṣe jáde, orúkọ ọ̀gá mi nìkan ló wà lára rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Kò dárúkọ mi. Igi mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé igi ràbàtà ni, pé òun jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní iṣẹ́ ẹ̀ka ni, kí n lọ máa tọ́jú ọmọ mi. Mo ní ọmọ mẹ́rin tí mo ń bọ́. Mo panu mọ́.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Láàárọ̀, mo máa ń lọ sí etí omi ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa iyanrìn. Kí àwọn ọkọ̀ tipa tó ń kó o tó dé, òkìtì iyanrìn náà jọ aṣálẹ̀ tí mo mọ̀. Fóònù ni mo fi ń yà á, pẹ̀lú òòyà mi nídìí koríko tó bá hù síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó iyanrìn bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé iyanrìn náà fẹ́ dirun ni?"

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin ọ̀gá mi pè mí. Bàbá rẹ̀ ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Igbó-Elérin, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n wá sọ bí bàbá òun ṣe láyà tó nínú aṣálẹ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Mo ní mo ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ọ̀gá mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀ pé èmi ni mo ya igi náà, kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, wọ́n ti sọ àwòrán náà di ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá mi ti rù. Wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì," ọmọbìnrin náà sọ, "Dádì ní igi yẹn ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa yìí lọ."

Mo yọ òòyà nínú báàgì mi, mo gbé e lé itan bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo àwòrán ara ògiri, ó wo ibi tí eyín ti kán. Ó bọ́ sídìí àwòrán náà, ó fi ìka méjì wọn ohun tó wà nídìí igi, ó sì ń gbé ìka náà gun òkè. Kò tó ẹ̀ẹ̀mẹta tó fi kan orí igi.

"Dádì, kí ni nǹkan tó wà nídìí igi yìí?"

Bàbá náà ń fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí eyín ti kán. Mo dúró dè é, bí a ṣe ń dúró de oòrùn. Èmi ló kọjú sí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Òòyà rẹ ni. Mo rò pé o gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni."