Bọ̀sẹ̀dé Tí Wọ́n Ní Ó Yadi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé tí mo háyà yàrá sí ní Ìkàrẹ́, nígbà tí òórùn kan dé bá mi láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Òórùn ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ èédú ni. Mo rò pé wọn kì í ṣe é mọ́, pé pátákó funfun ló ti gba gbogbo ilé-ìwé. Mo rọra yọjú lórí ògiri. Àwọn ọmọ ń fi àkísà kun pátákó wọn ní dúdú, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tí yóò gun àga. Mo dúró síbẹ̀ títí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi fi gbẹ díẹ̀.

Àwa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú pé n kò ní dárúkọ ìlú wa. Ọ̀nà Òkè-Àgbè la máa ń gbà dé ibẹ̀; ẹ jẹ́ kí ó mọ síbẹ̀. Mo sá kúrò lẹ́yìn tí àwọn tó ń jí ènìyàn gbé dá wa lọ́nà oko. Èmi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé, ilẹ̀kùn ni mo máa ń kọ́kọ́ tì kí n tó béèrè ẹni tó jẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tí mo lè sọ ni pé ìlú wa ní èdè tirẹ̀, kì í sì í ṣe Yorùbá. Bí ẹ bá tún rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó bá ìlú mìíràn tí èdè tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Yorùbá la fi ń ná ọjà ní Ìkàrẹ́, òun la fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló wà nínú ìwé. Àwọn àgbà wa gbà pé bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn: èdè wa fún ẹnu, Yorùbá fún ìwé, Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọba. Kò sẹ́ni tó bínú sí i.

Ilé-ìwé wa jẹ́ yàrá mẹ́ta tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi páànù bò. Ó fi ẹ̀yìn ti àpáta ńlá kan tí oòrùn máa ń yan títí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè jókòó lé e lọ́sàn-án. Bí òjò bá ń rọ̀, kò sí ẹ̀kọ́, nítorí páànù kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. A fẹ́ràn òjò púpọ̀.

Bọ̀sẹ̀dé ni ọ̀rẹ́ mi. Abà ló dàgbà sí lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, láti abà náà ló sì ń rìn wá sí ilé-ìwé láràárọ̀. Àwa tí à ń gbé inú ìlú ti kọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́jà, a sì ń dáhùn bí ayékòótó, bí a kò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Èmi tún sàn díẹ̀, torí ìyá mi máa ń mú mi dání bó bá ń lọ ta iṣu ní Ìkàrẹ́. Bọ̀sẹ̀dé kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wọ kíláàsì kìn-ín-ní, mo bá a níbẹ̀, wọ́n ní ó ti fèèlì lẹ́ẹ̀kan. Bí tíṣà bá bi í ní nǹkan, á dìde, á di ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ẹnu tíṣà bí ẹni tó ń ṣọ́ ihò tí òkété wọ̀. Kò ní dáhùn. Wọ́n nà án, kò dáhùn. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin sọ ọ́ ní Odi.

“Odi, kí ni orúkọ bàbá rẹ?” ni wọ́n á máa bi í lójú ọ̀nà, wọ́n á sì fún ara wọn lésì: “Bàbá Odi ni.”

Bí a bá ń lọ sílé, èmi ni mo máa ń fi èdè wa ròyìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fún un títí a ó fi dé oríta tí ọ̀nà wa ti pín. Á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́, á tún máa bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó ní bí ọmọ òun bá tún fèèlì lọ́dún yìí, òun á mú un kúrò, kí ó lọ máa bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pọn ọmọ ní Ìkàrẹ́. “Tíṣà, n kò bá yín jà o,” ló wí. “Ilẹ̀ tí a gbin iṣu sí lẹ́ẹ̀mejì tí kò ta, ẹ̀gẹ́ là á gbìn sí i.”

Obìnrin tó sọ ọ́ fún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, láti Ọ̀ka. Tíṣà Ọ̀ka là ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ tó fi ń mú ṣọ́ọ̀kì náà ló fi ń nu imú, nítorí náà imú rẹ̀ á ti funfun kí aago ìsinmi tó lù. Bí inú bá bí i, ọ̀rọ̀ Ọ̀ka ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé, a ó sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Kò dá bàbá náà lóhùn ju pé òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí a kun pátákó tán, ó bá mi dé ilé, ó bẹ ìyá mi pé kí ó jẹ́ kí n mú òun lọ sí abà, kí òun lè bá ìyá àgbà Bọ̀sẹ̀dé sọ̀rọ̀.

A gba inú oko kòkó kọjá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ létí odò, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ó gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé adìẹ méjì. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé.

Àṣà kan wà lábà wọn nígbà náà. Ọmọdé kì í ki ọwọ́ bọ oúnjẹ alẹ́ láìsọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà. Wọ́n á jókòó yí àwo ká, wọ́n á máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní òun kò rí nǹkan kan, wọ́n á ní kí ó padà lọ wò ó wá. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ní ẹran.

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ kan dúró láàárín agbo, ó kẹ́yìn sí wa, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń rodò, àwọn àgbà sì ń gbá ara wọn léjìká. Tíṣà Ọ̀ka dúró lẹ́bàá igi ọsàn.

“Ta ni ọmọ yẹn?”

“Bọ̀sẹ̀dé ni, mà.”

Ó wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mo pa. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

“Kí ló ń sọ?”

Kò sí ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí a ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo ròyìn fún un nígbà ìsinmi, ni Bọ̀sẹ̀dé ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun fúnra rẹ̀ sì ti di Tíṣà Ọ̀ka. Ó fi ìka ẹsẹ̀ dúró kí ó lè ga. Ó fi ọwọ́ nu imú. Ó na ìka sí ọmọ tí èékánná rẹ̀ dọ̀tí, ó ṣàlàyé bí ìdọ̀tí ṣe ń ti ibẹ̀ wọ ẹnu, bó ṣe ń ti ẹnu dé ikùn, àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀ lóru, títí arúgbó kan fi gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè tó ń wò ó. Tíṣà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ara rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè wò ó, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Nígbà tí ìyá àgbà rí wa, ó fò dìde. Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ ni Àmín, èyí tó kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ kú alẹ́ o, Màmá,” ni Tíṣà wí.

“Àmín.”

“Ọmọ yín kò ṣe dáadáa nínú ìwé.”

“Àmín.”

“Bàbá rẹ̀ ní òun á mú un kúrò.”

“Àmín, Àmín.”

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, mo fi kún un pé Odi ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé, ojú ìyá àgbà sì yí padà. Ó ní kí n bi Tíṣà bóyá ọmọ tó fẹ́ fi ẹnu pa wá lórí oúnjẹ yìí ni wọ́n ń pè ní odi. Tíṣà gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

“Sọ fún Màmá pé etí mi ló di.”

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe Bọ̀sẹ̀dé síwájú, ó ní kí n sọ fún un pé kí ó sọ ẹ̀kọ́ náà bó ṣe sọ ọ́ nílé. Nígbà tí èdè wa jáde nínú kíláàsì, gbogbo wa dákẹ́ bí ẹni pé ẹnìkan bọ́ra sí ìhòòhò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni a bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù àwọn tó ń wá yẹ ilé-ìwé wò.

“Tíṣà, kí ni mò ń gbọ́ yìí?”

“Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni, sà.”

“Ní èdè abà?”

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ níta. Nígbà tí Tíṣà wọlé padà, ó ní ọ̀gá gbà fún òun títí di òpin ọdún. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa dán Bọ̀sẹ̀dé wò nínú ìwé kíkà Yorùbá. Bí kò bá lè kà á, kí bàbá rẹ̀ máa mú un lọ, kí èdè wa náà sì padà sí abà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, ẹnìkan á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní èdè wa. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá á sọ ọ́ ní Yorùbá fún Tíṣà. Tíṣà á kọ ọ́ sí pátákó. Nígbà tó yá, ó ní kí a jẹ́ kí òun gbìyànjú láti kọ èdè wa fúnra rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ kan béèrè bóyá Ọlọ́run kò ní bínú. Tíṣà kọ ọ́, ó kà á sókè, ó bà á jẹ́ pátápátá, gbogbo kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí yóò ṣe pè é. Inú wa kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀sẹ̀dé ló le jù. Á ní kí Tíṣà tún un pè, á mi orí, á ní kí ó tún un pè. Láti ibi tó ti ń kọ́ Tíṣà ni Yorùbá ti ń wọ̀ ọ́ lára, a kò tètè fura.

Ní ọjọ́ ìdánwò, bàbá rẹ̀ wá tòun ti àdá lọ́wọ́, torí oko ló ti ń bọ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi níta, níbi tó ti lè rí wa. Ọ̀gá ṣí ìwé sí ojú ewé tí a kò tíì dé. Bọ̀sẹ̀dé dìde, ó di ọwọ́ kan sẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan. Mo rí i tí bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹnu Bọ̀sẹ̀dé wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, láìsí ohùn.

“Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?” ni Ọ̀gá bi Tíṣà.

“Ara rẹ̀ ni, sà. Ó ń fi èdè wọn sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ná.”

Lẹ́yìn náà ló kà á. Ó lọ́ra, ohùn abà sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé, ó sì tún sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá láti orí láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ọ̀gá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí ó máa lọ sí kíláàsì kejì,” ló wí, ó sì jáde.

Bàbá Bọ̀sẹ̀dé dìde lórí gbòǹgbò, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ á wá ọmọ mìíràn tí yóò máa bá a pọn ọmọ,” ló sọ fún Tíṣà. Ó sì yà sí ọ̀nà oko.

Wọ́n gbé Tíṣà Ọ̀ka lọ sí ilé-ìwé mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n Bọ̀sẹ̀dé ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè lé e jáde mọ́. Òun náà di tíṣà. Kíláàsì kìn-ín-ní ló ń kọ́, nínú ilé-ìwé wa náà, títí di òní.

Nǹkan púpọ̀ ti yí padà. Ìlú wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́ gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń sọ pijin láàárín ara wọn; bí mo bá fi èdè wa bá wọn sọ̀rọ̀, Yorùbá ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. N kò bá Yorùbá jà, òun ni mo fi ń kọ èyí. Lórí rédíò, nígbà mìíràn a ó gbọ́ pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, nígbà mìíràn wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ló dára. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń sọ èdè abínibí, Yorùbá ni wọ́n ní lọ́kàn fún wa. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ kan ṣì wà tó ń bọ̀ láti abà tí Yorùbá gan-an jẹ́ àjèjì fún.

Mo pe Bọ̀sẹ̀dé lórí fóònù lánàá, mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá mi ní Ìkàrẹ́. Mo ní ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo ní wọ́n ń wá tíṣà níbí.

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ọ̀rẹ́ mi,” ló wí. “N kì í gba ọ̀nà abà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú kíláàsì mi tí wọn kò tíì la ẹnu láti ìgbà tí a ti wọlé. Bí mo bá kúrò, ẹni tó bá dé á ní wọ́n yadi.”

Ariwo àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi èdè wa fẹjọ́ ara wọn sùn. Ó ní kí n dúró ná, ẹnìkan fẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, kò pa á. Mo gbọ́ ohùn ọmọ kékeré kan tí n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tó ń sọ nípa ewúrẹ́ kan tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo sì gbọ́ ọ títí ewúrẹ́ náà fi jáde.