Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Lọ Mọ́ Oyèrónkẹ́ Lọ́wọ́

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Oyèrónkẹ́, ṣùgbọ́n Maradi ni wọ́n bí òun sí, ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tó jẹ́ pé bí o bá ka ọgọ́rùn-ún ènìyàn, agbára káká ni wàá fi rí ẹyọ kan tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Bàbá rẹ̀, Àbáyọ̀mí, ń ta táyà, ṣéènì àti bíréèkì alùpùpù lẹ́bàá ọjà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹrù aṣọ débẹ̀, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ló sì dá ìjọ Onítẹ̀bọmi kékeré kan sílẹ̀, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọrin, tí wọ́n ń fi Hausa kéde, tí wọ́n sì ń fi Faransé kọ̀wé sí ìjọba.

Ayé ò nira fún un. Èdè Hausa ló fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré. Bí oṣù Ràmàdáánì bá wọlé, ìyá rẹ̀ á pe gbogbo wọn jọ, á ní, "Omi tí ẹ bá fẹ́ mu, inú yàrá ni kí ẹ ti mu ún. Àwọn ẹlòmíì ń gbààwẹ̀." Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé kan á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa pè wọ́n ní kèfèrí pẹ̀lú orin. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kan náà á gé ìrèké fún un jẹ. Oyèrónkẹ́ mọ̀ pé Kírísítẹ́nì ni òun bí ó ti mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ilé àti òde ló kọ́ ọ.

Ìgbà tó di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ẹni tó ń darí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kó lọ sí Cotonou, àwọn àgbà ìjọ sì fa iṣẹ́ náà lé Oyèrónkẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, tí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, wọ́n á kóra jọ lórí àga onígi, wọ́n á kọrin, wọ́n á ka Bíbélì, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á lọ pọnmi fún àwọn aláìsàn tí kò ní ẹbí ní ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ Kírísítẹ́nì. Ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta olúkúlùkù wọn lẹ́sẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá wá, kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti dé ilé onítọ̀hún.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè tó bí àwọn Mùsùlùmí nínú, ọ̀rọ̀ náà sì ràn dé Maradi bí iná ọyẹ́. Ní Sátidé yẹn, Olúwarẹ̀mí, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún tó máa ń lé orin fún wọn, béèrè pé, "Sístà, bí wọ́n bá wá síbí ńkọ́?"

Oyèrónkẹ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Iná ò lè jó ilé Ọlọ́run. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èrò dé pẹ̀lú igi àti epo bẹntiróòlù. Alájì Sàní tó ń ta jéró ní ojúlé kejì fa Àbáyọ̀mí àti gbogbo ìdílé rẹ̀ wọ inú ilé tirẹ̀, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó tòun ti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé. Ó ń sọ fún wọn lóde pé, "Àlejò mi ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó gba orí òkú mi kọjá." Kò sẹ́ni tó wọlé. Ṣùgbọ́n Olúwarẹ̀mí ti lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó gbọ́ ariwo, ó láàyè láti sá gba ẹ̀yìn. Kò sá. Ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìwé orin sí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì ń gbàdúrà títí wọ́n fi tiná bọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn ọkùnrin méjì kan ládùúgbò, Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, ló já ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gbé e jáde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jó láti ìka dé ìgúnwọ́.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá Olúwarẹ̀mí kò bú Oyèrónkẹ́. Ó kàn wò ó, ó ní, "Ó ráyè sá o. Ó ní ẹ sọ pé kò ní jó."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tán tí ìdílé Olúwarẹ̀mí fi kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn òbí mìíràn náà ń kó ọmọ wọn ránṣẹ́ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyèrónkẹ́ ta tapólì síbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà tẹ́lẹ̀, ó ń kọ́ àwọn mẹ́fà tó kù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ku méjì. Ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò tún ní fi ìlérí sí Ọlọ́run lẹ́nu mọ́ láéláé.

Ọdún kejì ló fẹ́ Olúwaṣẹ́gun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin ilẹ̀kùn nítòsí Padova, ní Italy. Ó bá a lọ sí àdúgbò Arcella, àjà kẹrin, níbi tí ojú fèrèsé ti ń wo tíráàmù. Ó rí iṣẹ́ ní casa di riposo kan, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ti tán lọ́wọ́ òun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ̀wé sí Olúwarẹ̀mí lórí WhatsApp. Ó rí i pé ó kà á. Èsì kankan kò wá.

Ìjọ tí wọ́n ń lọ wà nínú capannone kan, irú ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, lẹ́yìn òpópónà Via Anelli, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń kó táìlì pamọ́. Pásítọ̀ Ọbalolúwa, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù láàárín ọ̀sẹ̀, gbọ́ ìtàn Maradi lẹ́nu Olúwaṣẹ́gun, ó sì ránṣẹ́ pè é.

"Sístà Rónkẹ́, ẹni tó darí ọ̀dọ́ láàárín Mùsùlùmí, tibí yìí á dà bí ẹni ń fẹran jẹ̀kọ fún un ni."

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi."

"Ìsinmi ń bẹ lọ́run," ni Pásítọ̀ wí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè lé e lọ́wọ́.

Àwọn mẹ́sàn-án ló bá níbẹ̀, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, wọn ò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì wọn. Padova ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Italian ni wọ́n fi ń dáhùn. Oyèrónkẹ́ sọ ìtàn Maradi fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì gbọ́ ọ tọkàntọkàn. Nígbà tó parí, ọmọkùnrin kan, Matteo, béèrè pé, "Ma perché non siete andati via?"

Faransé ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń jẹ́ Victory, bá a túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní kí ló dé tí ẹ ò kúrò níbẹ̀."

Oyèrónkẹ́ rò ó. "Ibẹ̀ nilé wa."

Matteo mi orí, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Victory nìkan ni kò gbé ojú kúrò lára Oyèrónkẹ́.

Ọdún gorí ọdún. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé mú ẹnì kan lọ. Ìdílé ẹnì kan gba ìwé ìrìnnà Italy, wọ́n kó lọ sí London. Matteo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ṣáà dẹ́kun wíwá. Bó bá pàdé wọn nínú tíráàmù, wọ́n á kí i bí àǹtí wọn, "Ciao, zia," ojú wọn á sì padà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ní Maradi, iná ló tú wọn ká. Níbí, kò sí iná, kò sí èéfín. Wọ́n kàn ń dínkù bí omi inú ìkòkò tó jò.

Victory kò lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó kọ̀wé pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ ilẹ̀ Italy, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọ́fíìsì dá ìwé rẹ̀ padà. Nígbà tí ìjọba ń kó àwọn èèyàn kúrò nínú ilé wọn ní Via Anelli, tí Victory ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àwọn òbí rẹ̀ sùn sílé ọ̀rẹ́ fún oṣù mọ́kànlá, wọn ò sì fi orúkọ sílẹ̀ fún residenza, ìwé tó ń fi hàn pé ìlú náà ni èèyàn ń gbé. Oṣù mọ́kànlá yẹn ló dà bí ihò nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ní kó wá ẹ̀rí pé ó wà ní Italy nígbà náà. Ó wá káàdì àjẹsára kan rí, ó fi ránṣẹ́, ó ń retí.

Oyèrónkẹ́ pè é jókòó. Ó ní kí àwọn jọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, bí wọ́n ti dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó rí ojú ọmọ náà, ó ti rù, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu òun. Ọ̀rọ̀ náà sì jáde kó tó mọ̀. "Ọlọ́run á ṣe é. Mo sọ ọ́ fún ọ, Victory. Á ṣe é."

Ọjọ́ Túsìdeè ni èsì dé. Wọn ò gbà á.

"Ẹ má sunkún, Àǹtí," ni Victory wí. Òun ló ń rẹ Oyèrónkẹ́ lẹ́kún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ń wá. Ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, lọ́pọ̀ Sátidé, àwọn méjèèjì nìkan ló máa ń wà nínú yàrá yẹn. Olúwaṣẹ́gun bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé nítorí ẹyọ kan ṣoṣo lo ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì méjì?"

"Nítorí ẹyọ kan náà ni Jésù ṣe fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà mú Oyèrónkẹ́ lọ́kàn le fún ìgbà díẹ̀: bí Victory bá dúró, gbogbo rẹ̀ kò já sí asán.

Nígbà tó yá, Victory wọ yunifásítì ní Torino. Ní oṣù kọkànlá, Oyèrónkẹ́ dín ẹja, ó se ọbẹ̀ ata sínú ike áísìkiriìmù, ó ra Bíbélì tuntun tí Italian àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bẹ ọmọ náà wò. Ilé tí Victory ń gbé kò jìnnà sí Porta Palazzo. Òun àti ọmọ Italy kan, Chiara, ló jọ ń lo kíṣìnnì. Inú Victory dùn láti rí i. Ó se ìrẹsì, wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti rí ṣọ́ọ̀ṣì níbí?" ni Oyèrónkẹ́ béèrè.

Victory gbé síbí sílẹ̀. "Àǹtí, non ci credo più." Ó rí i pé ó yẹ kí òun fi Yorùbá sọ ọ́. "Mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Ó ti tó ọdún méjì."

"Ọdún méjì tí o fi ń wá ní gbogbo Sátidé?"

"Mo ń wá nítorí yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa dá jókòó."

Oyèrónkẹ́ ti àwo ìrẹsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé nítorí ìwé yẹn ni?"

"Ìwé yẹn wà níbẹ̀." Victory ń fi ìka ha tábìlì. "Àmọ́ Maradi tí ẹ máa ń sọ, wọ́n ń lé yín nítorí Jésù. Ẹ mọ ohun tí ẹ dì mú. Àwa, kò sẹ́ni tó bi wá ní ọ̀rọ̀ Jésù rí. Àwọ̀ wa ni wọ́n ń wò. Ẹ ní ká gbàdúrà sí i. A gbàdúrà sí i."

"Èmi ni mo ṣe ọ́, àbí?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ dáa jù nínú gbogbo wọn."

Ì bá tẹ́ Oyèrónkẹ́ lọ́rùn kí ọmọ náà bú u. Èébú, èèyàn lè bá a jà. Kò yọ Bíbélì náà nínú báàgì. Victory sìn ín dé ibùdókọ̀ Porta Susa, ó dì mọ́ ọn, ó ní kó bá òun kí Bùkọ́lá, ọmọ Oyèrónkẹ́. Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ti ń kọjá láàárín àwọn oko ìrẹsì tí omi dúró sí lẹ́yìn Vercelli, ó pa ojú dé láti gbàdúrà fún un. Kò mọ ohun tó máa béèrè. Bó bá ní kí Ọlọ́run dá a padà, ibo ló fẹ́ kí Ó dá a padà sí? Ṣé yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn ni?

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì Pásítọ̀ Ọbalolúwa. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀mí ayé ló ń mú wọn. Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀, Sístà."

"Mo ti gbààwẹ̀, Pásítọ̀."

Pásítọ̀ kò rí ẹlòmíràn fún iṣẹ́ náà. Kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n ti to àga oníke àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn àtijọ́ kún yàrá náà dé àjà. Oyèrónkẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní casa di riposo pé òun lè máa ṣe turno ọjọ́ Sátidé báyìí. Inú ọ̀gá náà dùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Sátidé. Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo ìjọ gbàdúrà fún àwọn ọ̀dọ́, á dìde bí àwọn yòókù, á di ojú, ètè rẹ̀ kò sì ní mì.

Ní ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, bí wọ́n ti ń múra, Bùkọ́lá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu, "Mamma, quando sono grande devo venire ancora?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ tí òun bá dàgbà.

Oyèrónkẹ́ wo ọmọ náà títí. Ìdáhùn mélòó kan wá sí i lọ́kàn, kò sì gba ìkankan gbọ́ nínú wọn.

"Wọ bàtà rẹ," ló wí. "Bọ́ọ̀sì ń bọ̀."