Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dákú Dájí Nílé Wa

Ọdún tí a fi owó ra owó ni, ọdún tí owó ẹni wà ní báńkì tí kò ṣeé mú jáde. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni, nílé wa ní Ajangbadi. Ooru ń mú débi pé ìta la máa ń jókòó sí.

Àkọ́bí mi obìnrin ló ni kọ̀ǹpútà náà. Òun ló fi ń ya àwòrán tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ńlá máa ń fi òwú kọ sára aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ yẹn nìkan ló sì fi ń bọ́ wọn. Ilé ìwé kan ní Okokomaiko ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ báàjì yunifọ́ọ̀mù wọn fún un. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbà á. Ọ̀gá ilé ìwé náà ti sọ pé bí kò bá pé, ẹlòmíràn lòun máa gbé e fún títí láé. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni àwòrán báàjì náà wà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ tí kò tàn. Ojú mi ló ṣe. Bó bá tẹ̀ ẹ́, fáànù inú rẹ̀ á yí, fìì, iná á tàn lára rẹ̀, á wá kú lójijì. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án o, òun fúnra rẹ̀ á tún gbéra, fìì, á tún kú. Mo ti rí ọmọ tí gìrì ń gbé rí, bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ọmọ mi ní, "Màmá, iná yìí ni kò lágbára." Ó tan jẹnẹrétọ̀. Dákú, dájí. Ó pààrọ̀ wáyà. Dákú, dájí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn mi tí gbogbo àdúgbò ń gbé fóònù tó bàjẹ́ wá bá, kàn káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ìwọ, o ò ní wá wò ó?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

Ẹnu yà mí. Ṣùgbọ́n aláṣọ funfun ni mí, n kì í jókòó lásán. Ọmọ mi ti ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Mo gbé ìgò omi àdúrà mi, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo ní kí n wọ́n ọn sí i. Àfi gìrì tí àbíkẹ́yìn mi fò, ó fi ara bo nǹkan náà!

"Màmá, ẹ má dà á sí i! Ẹ máa pa á pátápátá ni!"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi dà sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. "O ní o ò mọ̀ ọ́n. Báwo lo ṣe mọ ohun tó máa pa á?"

Ó kàn ń fún omi kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀.

Ọ̀sán ni ọmọ mi mú ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá láti Ìyànà-Ìbà. Ó yọ àwọn nǹkan pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, ó fi írésà ọmọléèwé nu eyín wọn, ó dá wọn padà. Dákú, dájí. Ó tú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàbó ni.

"Àǹtí, bí kò bá sẹ́ni tó yí ètò inú ẹ̀ padà, a jẹ́ pé bọ́ọ̀dù ńlá inú ẹ̀ ti lọ. Àfi ọjà Alábà, bí a bá rí irú ẹ̀ rà."

"Ta ló fẹ́ yí i padà? Èmi nìkan ni mò ń lò ó!"

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mú fóònù, ó ń wá nọ́ńbà ọ̀gá ilé ìwé láti sọ pé iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Ìgbà yẹn ni àbíkẹ́yìn mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì pè wọ́n. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà bí ẹ bá jáde. Kò yá tó. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, mo wá ní kó máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ti ní kó máa sá lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a padà báyìí tí ojú ẹ̀ ò tàn."

Ọkùnrin Ìyànà-Ìbà pariwo. "Nínú ooru yìí? Ó fara dà á ni!"

Ọmọ mi obìnrin kò pariwo ní tiẹ̀. "Ìgbà wo lo ṣe é?"

"Kí ẹ tó ṣe ìdúpẹ́ oṣù tó kọjá."

Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ̀rí mi!"

Kò kọ́kọ́ yé mi, torí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn yàtọ̀ sí tèmi. Àṣé ó ti dìde níwájú ìjọ, ó ní òun gbàdúrà sórí kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ bí ìgbín, Olúwa fọwọ́ tọ́ ọ, ó sì ń sáré. Ìjọ hó yèè. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ wá, kó bá òun gbọ́wọ́ lé e.

"Ìwọ lo sì ń lu jíta lọ́jọ́ yẹn!"

"Mo fẹ́ sọ. Ẹ ti dé ìdí máìkì, wọ́n ti ń ké halelúyà. Ṣé kí n wá ní kì í ṣe Olúwa ni?"

Mo wá àga jókòó. Ọkùnrin Ìyànà-Ìbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí bátìrì kékeré kan, kò ju bọ́tìnì aṣọ lọ.

"Bí mo bá yọ èyí, á gbàgbé gbogbo ohun tí àbúrò yín kọ́ ọ."

Ọmọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Á gbàgbé kẹ̀? Báàjì mi ńkọ́?"

"Ibòmíràn ni báàjì wà, Àǹtí. Eré àsápajúdé yẹn nìkan ló máa gbàgbé."

Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ọkùnrin náà wò mí. Mo ní, "Yọ ọ́." Ó yọ ọ́, ó ní ká ní sùúrù díẹ̀, ó dá a padà, ó tẹ̀ ẹ́. Fìì. Mo dijú. Igbe ọmọ mi ni mo gbọ́. Nígbà tí mo lajú, àwòrán báàjì náà ló hàn gbangba, kò sì kú mọ́.

Ṣùgbọ́n eré ti tán lẹ́sẹ̀ kọ̀ǹpútà náà. Àbíkẹ́yìn mi ló ń gé etí báàjì, òun ló ń pààrọ̀ òwú, kò rójú wo bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ pé lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ mi padà sí ìdí máìkì nígbà tó yá, ó sọ bó ṣe jẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, obìnrin ẹlẹ́rọ ìránṣọ kò kí i fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi péjọ, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọpẹ́ du Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ará ilé léèrè kí wọ́n tó jẹ́rìí. Mo wá kọjú sí àbíkẹ́yìn mi. Mo ní, "Ìwọ, bí ẹnìkan bá tún fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dúpẹ́, fà á láṣọ kó tó dé ìdí máìkì."