Ẹ Nu 'Kò Parí' Kúrò Níwájú Orúkọ Jẹ̀mílátù

Jẹ̀mílátù Akínlolú ti kú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti Ìlárá já sí kòtò lójú ọ̀nà Ayétòrò, ó sì forí sọlẹ̀. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Joga-Orílé, ní ìlànà Mùsùlùmí. Nínú báàgì rẹ̀, wọ́n bá ogójì fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ka sí, àti páàdì tàdáwà tuntun kan tí kò tíì ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tinú mi, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ojú ayé ni mò ń ṣe. Mo jowú Jẹ̀mílátù. Kíláàsì kan náà la wà fún ọdún mẹ́rin. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, mi ò sì pè é ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè, inú mi á ti bàjẹ́ kó tó lanu, torí mo mọ̀ pé yóò gbà á. Kí ló fi jù mí? Mo máa ń bi ara mi bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Jẹ̀mílátù máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán. Èmi kì í lè ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún àṣekágbá, iṣẹ́ ìwádìí kan náà ni wọ́n yàn fún àwa méjèèjì: ká lọ wo àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran àjèjì lọ́wọ́ lágbègbè ẹnubodè wa. Èmi mú àjọ ńlá kan ní Ìlaròó. Wọ́n ní pátákó, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù. Jẹ̀mílátù mú yàrá kan ṣoṣo ní Ìlárá, níbi tí Màmá Asiyah àti obìnrin mẹ́fà ti ń gba àwọn aboyún tó wá láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sílé, tí wọ́n ń mú ọmọ wọn lọ sílé ìwé, tí wọ́n sì ń bá wọn wá ilẹ̀ tí wọ́n máa fi dáko. Mo fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí o bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tàbí kó tẹ̀ka. Ta ni kò mọ̀ lẹ́nubodè níbí pé ẹni tí kò ní ìwé ìrìnnà kì í tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà? Bí Jẹ̀mílátù ṣe yọ fọ́ọ̀mù jáde ní Ìlárá, Afi, obìnrin ará Tógò kan tó ń yan gààrì níbẹ̀, dìde fùú.

"Ìwé imigiréṣọ̀n nìyẹn," ni Afi wí. "Mi ò tẹ̀ka o. Bí mo bá tẹ̀ka, wọ́n á wá kó mi."

Jẹ̀mílátù ká fọ́ọ̀mù padà sínú báàgì. Ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Afi fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Jẹ̀mí, gbé bíróò rẹ. Kí lo fẹ́ mọ̀?" Wọ́n sọ ti ẹni tó bímọ sójú ọ̀nà fún un. Wọ́n sọ ti ẹni tí onílẹ̀ lé nígbà tí àgbàdo rẹ̀ gbó tán. Wọ́n sọ ti àwọn àjọ tó ń wá ya fọ́tò wọn, tí wọn kì í padà wá. Lọ́jọ́ tó kà á fún wa ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó dúró. Èmi dìde, mo jáde, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé, owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

"Iṣẹ́ yìí dáa," ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa wí fún un, "àmọ́ ìtẹ̀ka wọn dà?"

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, sà."

"Ìyẹn ò kàn mí. Láìsí ìtẹ̀ka, o ò tíì ṣe nǹkan kan. Padà lọ."

Ìgbà márùn-ún ló padà lọ. Ìgbà karùn-ún ló ń bọ̀ tó fi kú.

Ìtẹ̀ka tèmi ńkọ́? Ó pé pérépéré! Àwọn akọ̀wé méjì ní àjọ Ìlaròó gbé ìrẹsì àti mínírà síwájú mi, wọ́n pín ọgọ́fà fọ́ọ̀mù láàárín ara wọn, wọ́n ń máàkì, wọ́n ń tẹ̀ka. Bí àtàǹpàkò ọ̀tún bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á lo ti òsì. Mi ò fojú kan àjèjì kan. Ọ̀gá wa ṣí fọ́ọ̀mù mi wò, ó ní, "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí!" Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá?

Wọ́n sin Jẹ̀mílátù tán, wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri. Níwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Kò parí. Iṣẹ́ ìwádìí tó dára jù lọ? Títílọpẹ́. Èmi náà nìyẹn. Mo fọwọ́ méjèèjì gba àmì-ẹ̀yẹ, mo rẹ́rìn-ín fún fọ́tò. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo dé Joga-Orílé láti kí ìyá rẹ̀, màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ ikú rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ jọ wà níbẹ̀. Ṣé Jẹ̀mílátù parí ìwé ẹ̀? Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ó parí, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa."

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Afi wá láti Ìlárá. Obìnrin tó ń sá fún imigiréṣọ̀n kọjá níwájú wọn lójú ọ̀nà, kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Níbo ni ìwé yẹn wà? Ẹ kó o wá." Ó kó fọ́ọ̀mù náà lọ, nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ogójì ló ti ní ìtẹ̀ka. Èmi ni mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa. Ó ní ọjọ́ ti kọjá.

Ọjọ́ wo ló kọjá? Ta ló fi ìtẹ̀ka jẹ ọjọ́ yẹn tán? Mo ń béèrè ní gbangba: kí ilé ẹ̀kọ́ wa gbé ìgbìmọ̀ dìde, kí ọ̀gá náà wá sọ lójú gbogbo wa ìdí tó fi rán akẹ́kọ̀ọ́ kan sójú ọ̀nà yẹn nígbà márùn-ún. Kí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wọn lọ́wọ́ mi, irọ́ ni mo fi gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí mi mọ́ ọn, wọ́n mọ ilé wa. Kí wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀rí Jẹ̀mílátù lọ fún ìyá rẹ̀ ní Joga-Orílé, kí gbogbo ará ilé rí i. Ó parí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jowú rẹ̀, mo ka gbogbo ohun tó kọ, mò ń wá àṣìṣe. Mi ò rí ọ̀kan.