Káàdì Yẹ́lò Sídí

Òórùn káfúrà ló kọ́kọ́ wọlé bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, kí ẹni tó gbé e wá tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé bírò sílẹ̀. Obìnrin arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọmọdébìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó kí mi dáadáa, ó ní ọmọ ọmọ òun nìyí, kí n jọ̀ọ́ bá òun wo kíláàsì tí wọ́n máa fi í sí. Ara rẹ̀ ti hunjọ, eyín ti dín lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò yí padà. Mo ní, "Ẹ jókòó síta ná, mà." Bẹ́ńṣì kan wà níta ọ́fíìsì mi tí oòrùn máa ń bá láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ní kó lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dá mi lẹ́bi tó bá wù yín.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí náà ni mo ti kàwé. Ìgbà náà ni Ọ̀tà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún. Oko ẹ̀gẹ́ tá a mọ̀ lánàá, tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ó ti di ilé ìjọsìn tí òpin rẹ̀ ò ṣeé rí. Igbó tá a ti ń ṣẹ́gi, wọ́n kọ́ yunifásítì síbẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Àwọn èèyàn ń kó ẹrù bọ̀ láti Èkó, pẹ̀lú fìríìjì àti àwọn ọmọ tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju tíṣà wa lọ. Ní Joju tí à ń gbé, onílé wa pín yàrá kan sí méjì, nígbà tí àlejò tún dé, ó fi pákó pín ìdajì kan sí méjì, ó sì ń gba owó kíkún lórí gbogbo rẹ̀. Inú ilé yẹn lèmi àti Sídí ti jọ dàgbà. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Yàrá wọn dojú kọ tiwa. Bàbá rẹ̀ jẹ́ wẹ́dà, ó ń jó géètì lẹ́bàá títì ní Sango. Bàbá tèmi ń gé koríko ní yunifásítì tuntun yẹn. Láràárọ̀ la jọ ń rìn lọ sílé ìwé, tí a ń pín mọ́ínmọ́ín kan jẹ lọ́nà, òun ló sì máa ń fún mi níbi tí ẹyin wà.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nílé ìwé wa tí wọn kì í ṣe tíṣà, a sì fẹ́ràn wọn ju tíṣà lọ. Bàbá Láàbù ló ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì. Alángbá kan ṣoṣo ló wà nínú ìgò níbẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà, àyàfi tó bá rí obì jẹ, nígbà náà á ṣílẹ̀kùn ká lè yọjú wò ó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ní yàrá kékeré kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àti ìgò oògùn aláwọ̀ àlùkò kan. Orúnkún tó bó, ètè tó là, ẹ̀fọ́rí, oògùn kan náà ni. Mo ti fojú ara mi rí ọmọ tí orí ń fọ́ tó jáde níbẹ̀ pẹ̀lú iwájú orí aláwọ̀ àlùkò.

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì yìí ni Sídí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò. Tí agogo ìsinmi bá ti lù, kò ní bá wa ṣeré, yàrá Nọ́ọ̀sì ló ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé àwọn tó bá ṣubú lórí pápá á kọjá lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, wọ́n á máa bèèrè pé, "Nọ́ọ̀sì Kékeré dà?" Sídí ò fẹ́ nǹkan kan láyé yìí ju kó di nọ́ọ̀sì lọ. Ó ní aṣọ funfun kan tó máa ń lọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, tí á ká a bíi fìlà, tí á dé e sórí, tí á sì máa wo ara rẹ̀ nínú abọ́ omi.

Ẹni tó bá máa di nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ọwọ́ Màmá Kánsẹ́lọ̀ sì lọ̀nà ibẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà á fún ni láti máa gbà wá nímọ̀ràn. Ní ìparí kíláàsì kẹta, á mú káàdì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: funfun fún sáyẹ́ǹsì, búlúù fún áàtì, yẹ́lò fún kọmáṣà. Á kọ̀wé sí i, á sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó da káfúrà sí nítorí aáyán. Òórùn káfúrà náà ti wọ̀ ọ́ lára. Kì í ṣe òǹrorò èèyàn. Ká ní òǹrorò ni, inú tó ń bí mi ìbá mọ níwọ̀n. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, "ọmọ mi dáadáa" ló sì máa ń pe gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kì í wo máàkì ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi ọmọ: "Kí ni bàbá ẹ ń ṣe?" Lójú tiẹ̀, ó ń ṣàánú ọmọ tálákà ni, kó má baà na ọwọ́ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó.

Lọ́jọ́ tó kàn wá, èmi àti Sídí jókòó sórí bẹ́ńṣì níta láti ìgbà ásẹ́ńbílì títí di ìgbà ìsinmi. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Sídí ló kọ́kọ́ wọlé, wọn ò tilẹ̀kùn, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

"Kí ni bàbá ẹ ń ṣe?"

Sídí kúnlẹ̀, ó ní, "Wẹ́dà ni wọ́n, mà." Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́, torí ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Màmá Kánsẹ́lọ̀ ní, "O káre, ọmọ mi dáadáa," ó sì nawọ́ mú káàdì yẹ́lò. Sídí ní òun lòun gba ipò kìíní nínú sáyẹ́ǹsì. Obìnrin náà ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kọmáṣà ló máa bá ilé wọn mu.

Ó wá kàn mí. Mo ti gbọ́ ohun tí òtítọ́ fi ṣe ẹni tó sọ ọ́. Nígbà tó bi mí, mo ní, "Yunifásítì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mà." Ẹ kíyè sí i, irọ́ kọ́. Mi ò kàn sọ pé àdá ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ ni. Inú obìnrin náà dùn, ó ní òun ti rí i lójú mi pé ọmọ onímọ̀ ni mí, ó sì mú káàdì funfun. Sídí sì fi máàkì jù mí lọ, kì í ṣe díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó mọ bàbá mi, ó mọ àdá náà. Gbólóhùn kan péré ló máa sọ, ọ̀rọ̀ mi ì bá ti bàjẹ́. Kò sọ ọ́. Ó kàn wò mí, ó sì kọjá lọ.

Nọ́ọ̀sì lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀gá ní ohun tí kánsẹ́lọ̀ bá ti kọ lòun náà máa fọwọ́ sí. Sídí lo táàmù méjì ní kíláàsì kọmáṣà, ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Agbara gbà á, ó ń to ọṣẹ sínú páálí. Tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ń gbé e lọ ní kùtù, èmi náà á wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ láàbù funfun lápá mi. Á wo ibòmíràn. A ṣì jọ gbé inú ilé yẹn fún ọdún mẹ́ta, kò bá mi sọ ju "Yà fún mi" lọ.

Ìbínú ni mo fi kàwé. Wọ́n gbà mí síbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò lọ. Iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ni mo lọ kọ́, torí àga obìnrin yẹn ni mo fẹ́ jókòó lé. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti fẹ̀yìn tì. Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù onírin náà títí mo fi rí káàdì wa méjèèjì. Ó kọ "Ọmọ wẹ́dà" sí ti Sídí. Ó kọ "Ọmọ yunifásítì" sí tèmi. Mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, mo ní kò burú, ọjọ́ ń bọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọjọ́ náà ni Mọ́ńdè. Ìgbà ìsinmi ni mo tó pè wọ́n wọlé, òógùn ti bo arúgbó náà. Ọmọ ni mo dojú kọ. Mo ní, "Kí ni bàbá ẹ ń ṣe?" Ọmọ wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà yára dáhùn, "Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, màdáámù."

Mo ní, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, mà?"

Ọmọ ló wá sọ ọ́, pé bọ́ọ̀sì ni bàbá òun ń wà. Arúgbó náà tẹ orí ba. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dénú eegun. Mo wá gbé káàdì méjèèjì síwájú rẹ̀, mo ní kó kà wọ́n. Tèmi ló kọ́kọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní èyí á ti dèèyàn ńlá. Mo ní, "Koríko ni bàbá ẹ̀ ń gé níbẹ̀, mà. Èmi ni."

Ó gbé e sílẹ̀. Ó mú káàdì yẹ́lò, ó kà á. Mo ń retí kó bẹ̀ mí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin àti ọmọ wẹ́dà yìí lẹ jọ wá lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ó mọ iṣẹ́ bàbá yín?" Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Èmi jẹ̀bi. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?"

Mo ṣí ìwé máàkì ọmọ náà. Máàkì rẹ̀ tó, mo kọ ọ́ sí sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì lọ. Mi ò dárí ji obìnrin yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ oòrùn tó pa á.

Kò sí káàdì mọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà ni. Bẹ́ẹ̀dì ti di méjì ní yàrá nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ẹ ò lè rí nílẹ̀ níbi tó jẹ́ oko nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn, níbi ìgbanisíṣẹ́, níbi ìdána, kódà níbi tí wọ́n ti ń pín àga jókòó nílé Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú káàdì yẹ́lò náà, mo lọ sílé Sídí. Joju náà ló ṣì ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, mo sì sọ orúkọ mi fún un. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ó gbé bẹ́ńṣì kan dání, ó gbé e kalẹ̀ láàárín oòrùn.

Ó ní, "Màmá mi ní kí ẹ jókòó síta ná, mà."

Mo jókòó.